Ìlú Àárín Dígí Méjì

Fèrèsé àtijọ́ ni Baba Àgbà Ginter tú palẹ̀,
fèrèsé ilé ìdáná tí yìnyín ti jẹ igi rẹ̀.
Ó gé dígí rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba,
ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pààlà sí wọn láàárín,
àlàfo tí kò ju ìbú ìka ọmọdé lọ.
Ìka tèmi ló fi wọ̀n ọ́n.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní Bytom,
ìlú tí ògiri ilé ti ń sán
nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo.

A rọ yanrìn sí i, a pò ó mọ́ amọ̀ díẹ̀,
a wọ́n omi sí i, níwọ̀nba.
"Ilẹ̀ tó bá gbẹ jù a máa ya lulẹ̀," ó wí,
"èyí tó bá tutù jù a máa gbé ni mì."
Ó húkọ́. Ó kọjú sí ògiri.
Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi wa èédú;
ó ti gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò tíì bá a gòkè.

Ìyá èèrà náà, oṣù keje la rí i,
lẹ́yìn òjò, lórí òkúta ojú pópó.
Ó ti fò tán, ó ti lọ́kọ tán,
ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣẹ́ ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù
bí ìyàwó tó ń bọ́ aṣọ funfun
tó mọ̀ pé òun ò ní í wọ̀ ọ́ mọ́.
A fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mú un, omi nísàlẹ̀, òwú láàárín,
a gbé e sínú páálí bàtà. Òkùnkùn.
"Má ṣí i o, Otylka."
Mo ṣí i.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣí i, mo sì purọ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí èèrà àkọ́kọ́ tó jáde,
ara rẹ̀ ṣì funfun, kò tíì mọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ í lò.
Nígbà tí wọ́n pé mẹ́rìnlá, a kó wọn sáàárín dígí.
Wọn ò tilẹ̀ sinmi.
Ẹyọ yanrìn kan, ẹnu kan. Ẹyọ yanrìn kan, ẹnu kan.
Baba Àgbà fa àga sún mọ́ wọn,
ọbẹ̀ rẹ̀ tutù sórí tábìlì.
"Wò ó, wọn ò fi igi ró òkè ihò wọn.
Ta ló kọ́ wọn?"

Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà
ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.
Àwa ò pa á.
A po ṣúgà mọ́ omi bíìtì, a kán ọn sórí ewé;
wọ́n mu ún títí ikùn wọn fi ń tàn, pupa,
nínú ihò dúdú.
"Fìtílà iwájú orí," ni Baba Àgbà wí,
ó sì fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀.

Ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn kú.
Èkejì gbé e, ó gbé e gòkè, gòkè,
ó tẹ́ ẹ sí igun kan lábẹ́ òwú.
Baba Àgbà dìde dúró.
Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Alojz.
"Wọ́n ń gbé òkú tiwọn gòkè," ó ní.
"Àwa, wọ́n ní ká dí ihò náà pa."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òtútù dé, èèrà gbọ́dọ̀ sùn.
"Èèrà! Nínú fìríìjì mi!" Ìyá Àgbà Trudka pariwo,
ó sún ìgò kùkúńbà oníyọ̀ sẹ́yìn,
ó ṣe àyè fún wọn.
Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Máàsì, òun fúnra rẹ̀ ló ń rẹ òwú wọn.

Oṣù kẹta, a gbé wọn jáde.
Baba Àgbà ti wà ní ilé ìwòsàn, rọ́bà wà ní imú rẹ̀.
"Ṣé wọ́n ti dé ìsàlẹ̀?" ó bi mí.
Láti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti kan igi.
Mo ní, "Rárá o. Ilẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú wọn."
Èyí sì di irọ́ keje.